Ojú Ọ̀nà Tó Wà Láàrin Oko Méjì: Ohun tí Ifá ń kọ́ wa nípa orílẹ̀-èdè tó bá ara wọn pààlà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú sí wa, tí ẹ ní ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tí Ifá ń sọ, ẹ káàbọ̀. Ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, àmọ́ kò ní sú yín.

Ní ọ̀sẹ̀ Ifá kan níbí ní Ìyìn, a ti bọ Ifá tán, a ń jẹun, ni ọmọ awo kan lọ́dọ̀ mi bá gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ìròyìn ló ń gbọ́, nípa àárín Nàìjíríà àti Nìjẹ̀r. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, kí wọ́n máa lọ jàre. Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé Ìyìn bá Nìjẹ̀r pààlà ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta ata àti àlùbọ́sà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá wò ó, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ tí ò ń lá yẹn, níbo lo rò pé ó ti wá?" Ọmọ dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mo wá sọ fún wọn pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtàn kan tí gbogbo ọmọ awo mọ̀. Mi ò ní sun ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí, ìtàn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ.

Ọ̀rẹ́ méjì kan wà tí oko wọn kángun síra. Ojú ọ̀nà tóóró kan ló là á láàrin. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu, wọ́n tilẹ̀ ti mulẹ̀ pé nǹkan kan kò ní ya àwọn. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ awo, awo ní kí wọ́n rúbọ kí ọ̀rẹ́ wọn lè tọ́jọ́, kí wọ́n má sì gbàgbé Èṣù. Wọ́n ní ẹbọ kí ni? Ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ tó báyìí, kí ló tún kù? Wọ́n padà sóko. Ní ọjọ́ kan Èṣù dé fìlà aláwọ̀ méjì, ọ̀tún pupa, òsì dúdú. Ó gba ojú ọ̀nà náà kọjá, ó kí ẹni tọ̀tún, ó kí ẹni tòsì, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n sinmi, ọ̀kan ní, "O rí bàbá onífìlà pupa yẹn?" Èkejì ní, "Pupa kẹ̀? Dúdú ni." "Ojú ń dùn ọ́ ni?" "Ìwọ lò ń purọ́." Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n sáré wá. Àwọn tó yẹ kó là wọ́n, kálukú gbè sẹ́yìn ẹni tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà ẹni méjì ti di ìjà gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, Èṣù kì í ṣe Sàtánì. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí. Ẹni méjèèjì gan-an kò purọ́. Ohun tí kálukú rí láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ló sọ. Àṣìṣe wọn ni pé wọn kò rúbọ, àti pé kò sí èyí tó rékọjá ojú ọ̀nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó wo fìlà náà láti ibẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè méjì tó bá ara wọn pààlà ṣe rí nìyẹn. Ibodè, òwò, wáyà iná, odò tí wọ́n jọ ń mu, àwọn ni ojú ọ̀nà àárín oko. Bí ẹni méjì bá sì gbàgbé láti tọ́jú ojú ọ̀nà, àdúgbò ni yóò san án.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa ná. Ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí ni Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti kọ orúkọ yẹn sórí fọ́ọ̀mù láìronú sí i? Èkìtì kò sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ojú wa ti rí ohun tí àìrẹ́pọ̀ ń fà. Ìbàdàn rán àjẹlẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìnira àwọn àjẹlẹ̀ náà pọ̀, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí gbéjà kò wọ́n, Èkìtì Parapọ̀ dìde, Ògèdèǹgbé Iléṣà di olórí ogun. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1877 sí 1878. Ìwé àdéhùn àlàáfíà jáde ní 1886, àmọ́ ibùdó ogun kò tú pátápátá títí di 1893.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ló ń jà ní orí òkè. Ṣé àwọn nìkan ló jìyà rẹ̀? Rárá. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ọjà etíkun kò lè gòkè. Ìlọrin dó ti Ọ̀fà. Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tú ká. Nígbà tí ó rẹ gbogbo wa tán, ẹni tí kì í ṣe ara wa ló wá tú ibùdó ogun, òun náà ló sì jókòó sórí àga lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá bi mí pé báwo ni àárín ìlú méjì ṣe lè ba gbogbo ilẹ̀ jẹ́, Kírìjì ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Àmọ́ bí ìjà ẹni méjì ṣe ń ràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹ́pọ̀ ẹni méjì ń ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í sábà gbọ́ apá yìí. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. Ní 1972, Ọ̀gágun Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò jọ fẹnu kò pé kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìṣòwò kan tí àwọn yòókù lè bá wọn wọ̀. Ọ̀kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń sọ Faransé. Ọ̀kan tóbi bí erin, èkejì kéré. Wọ́n rán àwọn aṣojú yí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká láti lọ bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà jù lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èbìbí 1975, orílẹ̀-èdè 15 tọwọ́ bọ̀wé ní Èkó. ECOWAS nìyẹn. Kò pẹ́ tí Cape Verde fi dara pọ̀, wọ́n di 16. Ẹ̀yin awo, mo mọ̀ pé ẹ ti rẹ́rìn-ín. Iye ojú Odù ni! Ìrẹ́pọ̀ orílẹ̀-èdè méjì ló bí gbogbo rẹ̀.

Ó wá kan Bẹ̀nẹ̀, tí ẹnu wa máa ń pè ní Kùtọnu. Kò sí awo kan nílẹ̀ Yorùbá tó lè sọ pé àjèjì ni Bẹ̀nẹ̀ sí òun. Kétu wà níbẹ̀, Sábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń dá Ifá, Fá ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó síbi kan tí wọ́n fa ìlà. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ara Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fa ìlà kò bi Ifá.

Ní oṣù Ògún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wàrà, aṣọ́bodè kéde pé ọjà kankan kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ wọlé tàbí jáde mọ́. Ìdí wà fún un, ká má purọ́. Ìrẹsì tó ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu pọ̀ ju èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lè jẹ, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà. Epo bẹntiróòlù tí Nàìjíríà fi owó ìlú dín iye rẹ̀ kù, òun náà ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ń kó wọlé, ọwọ́ òsì ń kó jáde. Àmọ́ ẹ wo èyí náà: ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé òwò gbogbo Áfíríkà ní Niamey, pé ká ṣí ọjà wa fún ara wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tì.

Níbí ní Ìyìn, ọ̀rọ̀ náà gbóná. Oṣù kan náà ni ọmọ ìlú wa, Ọ̀túnba Níyì Adébáyọ̀, búra wọlé gẹ́gẹ́ bí mínísítà fún òwò, nítorí náà gbogbo ibi tí ènìyàn bá jókòó sí, ibodè ni. Àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ̀, tí wọ́n jẹ́ ará ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú wa, inú wọn dùn. Àwọn obìnrin tó ń ta ìrẹsì aláràpò ń sunkún owó ọjà. Ọ̀kan ní fìlà pupa ni, èkejì ní dúdú ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ibi tó ti kàn mí nìyí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, babaláwo ni, ará Kétu. Ọ̀dọ̀ olúwo kan náà la ti kọ́ Ifá. A jọ ru ẹrù, a jọ jẹ ìyà, a jọ kọ́ ìtẹ̀. Awo Kétu ni mo ń pè é, Awo Èkìtì ló ń pè mí. Ọdọọdún ló máa ń wá bá wa ṣọdún Ifá, èmi náà á lọ bá wọn ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ awo wa ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ní ìparí 2019, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní Nàìjíríà ń fi agbára jẹ àwọn níyà, pé ẹni tó tóbi kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni kékeré láìsọ fún un. Mo bínú. Mo ní kí wọ́n ṣíwọ́ olè jíjà ná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ o, "olè". Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Awo Èkìtì, ṣé èmi lò ń bá wí?" Mo pa fóònù.

Kò pè mí mọ́, èmi náà kò pè é. Àwọn ọmọ awo wa gbọ́, kálukú gbè sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ kan ará Kétu tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn awo ní Ìgèdè àti Adó tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì kò mọ ẹni tí wọn ó bá rìn mọ́. Èmi tí mo ti ń fi ìtàn ọlọ́fìlà kọ́ ọmọ láti ọdún gbọọrọ, mo wà nínú ìtàn náà, n kò mọ̀.

Bó ṣe rí fún wa náà ló rí fún àwọn orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abidjan gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá. Nígbà tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń wo ara wọn níwòkuwò, ọjà àwọn ará Gánà àti Tógò há sójú ọ̀nà. Ìjà ṣọ́ọ̀bù tó ti wà nílẹ̀ ní Gánà tún gbóná sí i, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pa ní ìparí ọdún náà. Ẹni tí kò dé fìlà, tí kò rí ẹni tó dé e, òun náà gbà nínú ẹ̀ṣẹ́.

Ní ìparí 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ibodè: Sèmè, Illela, Maigatari àti Mfum ló kọ́kọ́ ṣí. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ nítorí ara mi. Ọ̀ṣẹ́tùrá ló yọ.

Ẹ̀yin awo mọ ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Irúnmọlẹ̀ 17 ló ti ọ̀run bọ̀ wá tún ayé ṣe. Àwọn 16 jẹ́ ọkùnrin, ìkẹtàdínlógún ni Òṣun. Wọ́n pète, wọ́n pèrò, wọn kò pe Òṣun sí i. Wọ́n ní kí ló mọ̀? Ohun gbogbo tí wọ́n dáwọ́ lé kò yọrí. Òjò kò rọ̀, àgàn kò bí, aláìsàn kò dìde. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè. Olódùmarè bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ lọ? Ìkẹtàdínlógún yín ńkọ́?" Ojú tì wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe agbára ni wọ́n fi mú un, ẹ̀bẹ̀ ni. Ọ̀ṣẹ́tùrá, ọmọ tí Òṣun bí, ni wọ́n sì ń mú dání láti ìgbà náà kí ẹbọ tó dà.

Mo fi ìbò bi Ifá bóyá èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ, àbí kí n dúró dè é. Ifá ní èmi ni. Ní 2021 mo gba Sèmè, mo gba Àjàṣẹ́, mo gba Pobè, mo dé Kétu. Mo gbé obì àbàtà dání. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Awo Èkìtì, o pẹ́ jù." Mo béèrè ìyàwó rẹ̀, ìyá tó máa ń sè fún mi nígbà tí a wà lọ́mọ awo. Ó ní a ti sin ín ní ọdún tó kọjá. N kò gbọ́. Ẹni tó yẹ kó sọ fún mi kò mọ̀ bóyá n óò gbé fóònù. Ìjà parí lọ́jọ́ náà, a jọ jẹ obì. Àmọ́ èyí tí mo pàdánù kò padà. Títí dòní, bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ nípa ibodè, ojú ìyá yẹn ni mo ń rí.

Ìdí tí n kò fi rẹ́rìn-ín pẹ́ nígbà tí ọmọ yẹn ní kí Nìjẹ̀r máa lọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ 2023, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Ifá kò gba kí ènìyàn fi ìbọn gbàjọba, kí n tètè sọ ìyẹn. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún àwọn ológun ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn lè lo agbára. Wọ́n ti ibodè, wọ́n dá òwò dúró. Nàìjíríà gé iná, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni Nìjẹ̀r ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Àwa náà ńkọ́? Odò Ọya gba Nìjẹ̀r kọjá kó tó dé Kainji tí a ti ń fa iná. Ìpínlẹ̀ Nàìjíríà méje ló bá Nìjẹ̀r pààlà. Ọkọ fẹ́ aya síbẹ̀, ìyá bímọ síbẹ̀. Obì gbànja ilẹ̀ wa ń gòkè, àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá aláta wa mọ̀ ọ́n ju oníròyìn lọ.

Àwọn ológun kò kúrò. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023, Nìjẹ̀r, Málì àti Burkina Faso mulẹ̀ tiwọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 wọ́n ní àwọn ń jáde kúrò ní ECOWAS. Ní oṣù Èrèlé ni ECOWAS tó mú ìjìyà náà kúrò, ní oṣù Ẹrẹ́nà ni Nàìjíríà tó ní kí wọ́n ṣí ibodè. Ó pẹ́ jù, bí Awo Kétu ṣe sọ fún mi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, ìjáde náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó di 16, tó di 15 nígbà tí Mauritania kúrò ní 2000, ó ku 12. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, Nìjẹ̀r tún yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè Adágún Chad.

Ta ló jèrè rẹ̀? Kì í ṣe Nìjẹ̀r, kì í ṣe Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé inú igbó, tó ń ru ìbọn, tí kò mọ ibodè, òun ló jèrè. Àwa ará Èkìtì kò lè sọ pé a kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ọba méjì ni wọ́n pa lójú ọ̀nà ní Èkìtì níbí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì kó àwọn ọmọ iléèwé ní Èmùré. Mi ò sọ pé Nìjẹ̀r ló rán wọn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ igbó, kò gbọdọ̀ máa bá ẹni tó ń ṣọ́ apá kejì igbó náà ṣe odì.

Ọmọ awo mi gbọ́ èyí, ó ní, "Baba, ṣé ká wá gba gbogbo ìyà mọ́ra? Kí onífàyàwọ́ máa kó, kí ológun máa gbàjọba, kí a máa rẹ́rìn-ín?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ifá kò ní kí o ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ilẹ̀kùn ni ilé ń jẹ́ ilé. Ohun tí Ifá ń sọ ni pé kí o tó tilẹ̀kùn, kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Kí o tó sọ pé pupa ni, rékọjá lọ wò ó láti òdìkejì. Bí o bá sì máa jẹ olè níyà, wo ẹni tí pàṣán rẹ ń bà. Nígbà tí a gé iná Nìjẹ̀r, àwọn ọ̀gágun kọ́ ló jókòó sínú òkùnkùn, ìyá ọlọ́mọ ni.

Àti pé ẹbọ wà. Ẹbọ ni ohun tó dùn ọ́ láti fi sílẹ̀, tí o fi sílẹ̀ kí àárín lè dára. Orílẹ̀-èdè náà ń rúbọ. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù fa Bakassi mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀ yìnbọn fúnra wọn. Wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ àgbáyé, ilé-ẹjọ́ sì dá Kamẹrúùnù láre ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2002. Nàìjíríà ló ní ọmọ ogun tó pọ̀, ó lè sọ pé òun kò gbà. Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Biya tọwọ́ bọ àdéhùn Greentree ní oṣù Òkúdù 2006. Nàìjíríà kó ọmọ ogun kúrò, ó sì fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ tán ní ọjọ́ 14 oṣù Ògún 2008. Nígbà tí Boko Haram wá gbóná, orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti jà á. Bí wọ́n bá ti ja ogun Bakassi, ta ni ìbá jókòó ti ta ni?

Àmọ́ n kò ní fi adùn nìkan sọ ọ́. Adìyẹ tí a fi rúbọ ní olówó. Àwọn apẹja tó kúrò ní Bakassi fi ilé, odò àti ibojì bàbá wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ibi gúnlẹ̀ sí dáadáa. Bí orílẹ̀-èdè bá fi adìyẹ tálákà rúbọ tí kò san owó rẹ̀, ẹbọ náà kò tíì pé. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ ìyẹn.

Ẹ sì wo bí àárín ṣe lè yí padà. Bẹ̀nẹ̀ tí a tilẹ̀kùn mọ́ ní 2019, ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ 2025 àwọn ológun kan gbìyànjú láti gbàjọba níbẹ̀. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ké sí Nàìjíríà, Nàìjíríà fi bàlúù ogun ràn wọ́n lọ́wọ́, ìgbìdánwò náà sì já sófo. Ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ kì í ké sí wa. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ro ni ìrànlọ́wọ́ gbà kọjá lọ́jọ́ ìdààmú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í ṣe ààrẹ, a kì í ṣe mínísítà. Kí ni tiwa? Ẹni tó bá ń bú ará Nìjẹ̀r, ará Gánà tàbí ará Kùtọnu lórí fóònù, kó rántí pé ọmọ ẹnì kan ni. Èmi ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé ọmọ awo kúrò nílé mi. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ibodè, kó pè é lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹni tó bá ní ìjà pẹ̀lú aládùúgbò nítorí ààlà ilẹ̀, kó mú obì, kó lọ. Bí o bá ń retí kí òun kọ́kọ́ wá, òun náà ń retí rẹ. Ọ̀ṣẹ́tùrá ti sọ fún wa: ohun tí a bá yọ ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀ kì í gún, àfi ká padà lọ pè é.

Ọmọ Kétu tó kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn ti padà sọ́dọ̀ mi. Òun ló jókòó ti ọmọ Ìyìn tó ní kí Nìjẹ̀r máa lọ. Àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹ.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí a pẹ́ jù. Kí Èṣù Ọ̀dàrà bá wa tọ́jú ojú ọ̀nà àárín oko. Kí Òṣun fi omi tútù pa iná tó ń jó láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Kí àwọn tó ń jókòó lórí àga ní Àbújá, ní Kùtọnu àti ní Niamey ní etí tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí ìrẹ́pọ̀ dùn mọ́ wa, kí ìfẹ́ dùn mọ́ wa. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè o. Ó di ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀.